Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé Àlàájì Múdàṣírù, ní Ṣómólú,
níbi tí ìyàwó mi fẹ́ kó ìkòkò ńlá sí,
ni mo gbé kọ̀ǹpútà kan sí tí ojú rẹ̀ ti fọ́,
tí bọ́tìnì mẹ́ta ti ká kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí eyín àgbà.
Kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé nǹkan.
Òun ni ilé ìfìwéránṣẹ́ mi.

Wọ́n ní, "Kí ló dé?
Ṣebí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wà tó ń báni tọ́jú lẹ́tà lọ́fẹ̀ẹ́."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ẹrù ẹni pa mọ́ lọ́fẹ̀ẹ́,
ó mọ ohun tó ń wò nínú rẹ̀ lóru.

Bí iná bá lọ, àdírẹ́sì mi a bá a lọ.
Bí ó bá dé, wọ́n á fún mi ní òmíràn,
nọ́ńbà mẹ́rin tí àmì tíńtín pín níyà,
mo tún di àlejò nínú yàrá tí mò ń sanwó rẹ̀.
Lọ́jọ́ kan ṣoṣo mo kó lẹ́ẹ̀mẹfà
láìgbé àga kan kúrò nílẹ̀.

Àdírẹ́sì Ọjọ́bọ̀ yẹn ló burú jù.
Mo kọ̀wé sí Abọ́sẹ̀dé, àbúrò mi ní Kútọnu,
pé ẹsẹ̀ Màámi tó wú ti ń fà.
Lẹ́tà náà padà wá bí ọmọ tí wọ́n lé nílé ìwé:
"A ò gbà ọ́. Orúkọ rẹ wà nínú ìwé àwọn oníjìbìtì."
Èmi kẹ̀!
Mo wá rántí ọdún tí a kọ́kọ́ kó wọ ilé yìí,
bí àwọn kan ṣe ń kànkùn lálẹ́, tí wọ́n ń bèèrè Ṣàkírù
tó gbé yàrá wa ṣáájú wa, tó jẹ wọ́n lówó ẹja.
Mo mú rìsíìtì ilé jáde.
Wọ́n wo rìsíìtì, wọ́n wo ojú mi,
wọ́n ní, "O ṣáà jọ ọ́."

Mo pe àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa.
Ọmọbìnrin kan, Ìbíwùnmí, ní kí n dúró.
Orin wọn dún, ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀.
Ó ní ilẹ̀kùn kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, èyí tí lẹ́tà ń gbà jáde,
àwọn máa kàn án pa lóṣù tó ń bọ̀ fún gbogbo ilé gbígbé.
"Àbí ilé-iṣẹ́ ni yín, sà?"
Mo wo ìkòkò tí Mọlárá ti fọgbọ́n kó wọlé,
mo wo bàtà àwọn ọmọ,
mo wo ọmọńlé tó ń yáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà.
Mo ní rárá.
Láti ìgbà náà, lẹ́tà mi ń gba ilé onílé jáde,
ẹgbẹ̀rún méjì náírà lóṣù,
bí ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò lọ sọ́jà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tírànsífọ́mà àdúgbò bú gbàù.
Epo jẹnẹrétọ̀ tán. Owó epo tán.
Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn,
mò ń ro àwọn lẹ́tà tó ń kànkùn tí ẹnìkan ò dá lóhùn.
Mọlárá ní, "Wọ́n á ti lọ."
Wọn ò lọ.
Òfin tiwọn ni pé bí o bá kànkùn tí wọn ò ṣí,
má bínú, lọ jókòó,
padà wá tó bá ṣe díẹ̀, padà wá lọ́la,
padà wá títí di ọjọ́ karùn-ún.
Ta ló kọ́ irin ní irú ìwà báyìí?
Mo mọ àbúrò bàbá mi tí kò dúró tó ìṣẹ́jú kan lẹ́nu ọ̀nà wa,
tó sì fi ìyẹn bá wa yan odì fún ọdún mọ́kànlá.

Òru mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fáànù kékeré náà súfèé.
Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ tèmi ti ṣòkòtò penpe.
Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, eruku ọ̀nà lára wọn:
owó iná tí a ò lò,
ọ̀gbẹ́ni kan tó fẹ́ kí n wá jogún mílíọ̀nù dọ́là,
àti Abọ́sẹ̀dé, tó ti kànkùn nígbà mẹ́rìndínlógójì:
"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Màámi ti ń tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀?"

Mo jókòó sáàárín ìkòkò.
Mo ní ó ń tẹ̀ ẹ́, ó tilẹ̀ rìn dé ẹnu géètì lánàá.
Mo yára fi ránṣẹ́
kí iná tó tún yí ọkàn padà.